Kí Orin Tó Dé Sítúdíò

  

Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn gbajúmọ̀ tí ẹ ń rí lára pátákó ojú títì. Àwọn ọ̀dọ́ olórin tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí máníjà, kò sí alágbàtà tó ń sanwó sílẹ̀, bàbá olówó ò sí níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé àwo àkọ́kọ́ jáde. Mo ní àwo o, odindi álíbọ́ọ̀mù, kì í ṣe orin kan péré tí wọ́n á jù sórí Wasáàpù kó máa káàkiri. Ìbéèrè tí irú wọn sábà máa ń bi wá nílé-iṣẹ́ rédíò wa ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ló yẹ kó wà lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀?" Èmi ò lè dá iye kan, torí ohun tí náírà rà lónìí kọ́ ló máa rà lọ́la. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tó yẹ kí owó kékeré tó wà lọ́wọ́ yín lọ, àti ibi tí kò yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí kò yẹ kó dé bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló máa ń tọ́jú owó títí, tí wọ́n á fi ra máíkì tó ń dán yinrin, wọ́n á tún ra kọ̀ǹpútà, wọ́n á ra ẹ̀rọ agbóhùnjáde méjì tó ga tó ọmọdé. Nígbà tí ẹ̀rọ bá pé tán, owó ti tán, wọ́n á wá ní kí onílù wá bá wọn lù ú lọ́fẹ̀ẹ́ lófò. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Máíkì tí Michael Jackson fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn Thriller, àwo tó jáde lọ́dún 1982, Shure SM7 ni. Kì í ṣe máíkì olówó gọbọi rárá, àwọn tó wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po wà nínú sítúdíò tí wọ́n ti lò ó. Ohùn ló gbé e, àti ọwọ́ ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan ládùúgbò yín bá ní máíkì tó dára, ẹ yá a, tàbí kí ẹ háyà rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá lò ó nìkan ni kí ẹ san.

Ohun kejì ni pé ní sítúdíò, àkókò ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹni tó bá débẹ̀ tí kò tíì mọ ẹsẹ kejì orin rẹ̀ dáadáa, tí àwọn elégbè rẹ̀ ṣì ń jiyàn lórí ibi tó yẹ kí wọ́n ti gbè é, owó rẹ̀ ló ń jó lójú ara rẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni iyàrá bàbá rẹ̀ wà nílé tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1963, ọmọkùnrin mẹ́rin láti Liverpool wọ sítúdíò EMI tó wà ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n tó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti gba orin mẹ́wàá sílẹ̀ nínú orin mẹ́rìnlá tó wà nínú Please Please Me, àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Beatles. Ọ̀fìnkìn ń bá John Lennon jà lọ́jọ́ náà. Wọ́n mọ̀ pé orin kan wà tó máa gbọ́n ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì fi í sí ìkẹyìn kí ohùn má baà tán kí iṣẹ́ tó parí. Báwo ni wọ́n ṣe rí orin mẹ́wàá kó jáde lọ́jọ́ kan? Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀: ilé ọtí ní Hamburg, ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń kọrin mọ́jú, àti ilé ijó Cavern ní Liverpool, níbi tí wọ́n ti ń kọrin lọ́sàn-án fún àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde wá jẹun. Púpọ̀ nínú orin tí wọ́n gbé wọ sítúdíò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ lójú èèyàn débi pé ọ̀fìnkìn kò lè mú wọn gbàgbé ẹ̀.

Ẹgbẹ́ Nirvana náà ńkọ́, ní Amẹ́ríkà? Owó tí wọ́n fi gba Bleach sílẹ̀, àwo àkọ́kọ́ wọn tó jáde lọ́dún 1989, dọ́là 606 àti sẹ́ńtì 17 ni. Àwọn gan-an ò rí i san. Jason Everman, onígìtá kan tó ń bá wọn ṣe, ló san án. Kò ta gìtá kankan nínú àwo náà o, síbẹ̀ wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ síwájú àwo. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ń ki olówó nínú orin kò sí nílẹ̀ Yorùbá nìkan.

Àwọn àgbà tiwa gan-an, pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, lọ gba orin ìjọ lédè Yorùbá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Nígbà tó kan Túndé King nínú jùjú, àti Haruna Ìṣọ̀lá nínú àpàlà, àwo ẹlẹ́gẹ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ṣì ni, ojú kan rẹ̀ ò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kò sí pé ẹ gé ibí yìí kúrò, ẹ lẹ tọ̀hún mọ́ ọn. Bí onígángan kan bá ṣi ọwọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí orin parí, gbogbo ẹgbẹ́ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ orin rẹ̀ dénú kò ní yọjú síbẹ̀ rárá.

Nítorí náà, fóònù tó wà lápò yín ni kó jẹ́ sítúdíò yín àkọ́kọ́. Ẹ kọ gbogbo orin tó máa wọ àwo náà láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú gìtá kan tàbí pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ fi ń lu tábìlì, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ ibi tí èémí ti ń tán, ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju orin lọ, ibi tí ẹ ti kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí pé kò sí ohun tuntun láti sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sóde. Ẹ kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ kọ ọ́ nílé ọtí, ẹ kọ ọ́ fún àwọn ọmọ yunifásítì tí kò ka tẹnu yín sí. Orin tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ láìgbórí sókè, ẹ yọ ọ́ kúrò, kì báà jẹ́ pé òun ni ẹ fẹ́ràn jù.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé àwo gbọ́dọ̀ ní orin mẹ́rìndínlógún? Zombie tí Fẹlá gbé jáde lọ́dún 1976, orin méjì péré ni, ọ̀kan lójú kìíní, ọ̀kan lójú kejì. Orin mẹ́fà tó dá yín lójú sàn ju méjìlá tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ àfikún lọ, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì.

Ó dáa, ẹ ti ṣe tán láti gbà á sílẹ̀. Níbo? Sítúdíò gidi dára fún ìlù. Fún ohùn àti gìtá, iyàrá kan nílé lè tó, bí ẹ bá lè bá ariwo jà. Ẹ má dá àwọn tó ní kí ẹ lẹ kíréètì ẹyin mọ́ ògiri lóhùn. Kò lè dá ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì dúró, ohun tó ń dín kù nínú gbohùngbohùn iyàrá ò tó nǹkan, bí iná bá sì kàn án, ó parí nìyẹn. Ohun tó nípọn tó sì rọ̀ ló ń gbé ohùn mì: tìmùtìmù tí ẹ gbé nàró, kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún aṣọ, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lórí okùn, aṣọ òkè ìyá yín tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ fi wọ́n sẹ́yìn ẹni tó ń kọrin àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sún mọ́ máíkì tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì.

Àmọ́ aṣọ òkè ò lè dí ariwo ìta. Àkókò nìkan ló lè bá yín ṣe ìyẹn. Ládùúgbò tiwa, òru ló dákẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" bá ti jó epo tán. Ẹ má mú alẹ́ Ẹtì o, ìṣọ́-òru á wọ inú orin yín, á sì dúró síbẹ̀. Kí ẹ parí kí ìpè àsùbá tó dún. Bí òjò bá ṣú, ẹ lọ sùn, orí páànù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Fáànù gbọ́dọ̀ kú, ẹ ó làágùn, kò sí nǹkan míì tí a lè ṣe sí i. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kọ̀ǹpútà kún tẹ́lẹ̀ kí ẹ lè yọ ọ́ kúrò lára iná, torí iná jẹnẹrétọ̀ a máa kùn wọ inú ohùn. Gbogbo ohun tí ẹ bá gbà lálẹ́ kan, kó wà níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó sùn. Olè tó jí kọ̀ǹpútà gbé kì í fi orin tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá kan ìlù. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò lóde òní, orí kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́. Bí onílù bá dé, wọ́n á fi òun nìkan jókòó sínú iyàrá, wọ́n á fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí i létí, nǹkan kan á máa ró kọ́-kọ́-kọ́ nínú rẹ̀, wọ́n á ní kó máa tẹ̀lé e. Tó bá ṣe tán, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlù, ẹ mọ̀ pé ìyáàlù kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Gúdúgúdú ló ń di ìlù mú kó má yẹ̀, ìyáàlù á wá máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, á sáré díẹ̀ níbi tí orin ti gbóná, á fà á sẹ́yìn níbi tí olórin fẹ́ sọ nǹkan. Ojú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ ọ́. Ẹ wá mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ dí wọn lójú, ẹ fún wọn ní kọ́-kọ́-kọ́. Ohun tó máa jáde, gbogbo rẹ̀ á tọ́, kò sì ní sí èèyàn kan tó máa fẹ́ jó sí i.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí gbogbo onílù wọ iyàrá kan náà, kí wọ́n jókòó ní àbọ̀ òṣùpá kí wọ́n lè máa wojú ara wọn. Kí olórin wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kó máa kọ ọ́ sí wọn létí kí wọ́n lè mọ ibi tí orin dé. Ẹ ó tún ohùn tirẹ̀ kọ lọ́jọ́ mìíràn. Máíkì méjì tàbí mẹ́ta tó. Gúdúgúdú, ohùn rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀. Ti ìyáàlù, ẹ kọjú máíkì sí awọ, kí ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ ṣaworo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣaworo nìkan ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n tètè dé. Awọ tó bá fa omi òjò mọ́ra á dẹ̀, ó fẹ́ ààyè láti gbẹ, ọṣán náà sì fẹ́ àtúnṣe. Kí onígìtá àti onílù sì ti fohùn ṣọ̀kan nílé lórí ibi tí orin máa dúró sí, kó bá ibi tí gángan lè ga dé àti ibi tó lè lọ sílẹ̀ dé. Lọ́nà yìí, ẹ lè parí ìlù orin mẹ́fà lọ́jọ́ kan tàbí méjì. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ sanwó sítúdíò fún.

Ohun kan tún wà. Auto-Tune tó jáde lọ́dún 1997 lè gbé ohùn tó ṣubú dìde, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí akọrin bá ń yọ́ ohùn láti òkè bọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ náà lè rò pé àṣìṣe ni, á gé e sí àgékù méjì, ọ̀rọ̀ á sì di nǹkan mìíràn létí ẹni tó ń gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ lò ó díẹ̀, kí ẹ sì jókòó ti ẹni tó ń lò ó. Ẹ má jẹ́ kó fi kan gángan láéláé.

Owó tí ẹ ò ná sórí ẹ̀rọ, ẹ ná an sórí èèyàn. Ẹ sanwó onílù, kí ẹ fún un lóúnjẹ pẹ̀lú. Ẹ sì wá ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbà á sílẹ̀, kó bá yín ṣe mixing, ìyẹn pípo àwọn ohùn pọ̀, nítorí ẹni tó ti gbọ́ orin kan títí etí rẹ̀ fi sú kò lè mọ̀ mọ́ pé ohùn elégbè ti bo ti olórí. Nígbà tó bá fi ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ dánfó, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kí ẹ wo ojú àwọn tó jókòó. Ẹ má retí pé mastering, iṣẹ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń ṣe sórí orin, á tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Kò lè ṣe é.

Níbo lowó á ti wá? Àjọ wà, ẹ̀yin olórin bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà lè jọ dá a, kí ẹni kan máa kó o ṣe àwo tirẹ̀ lẹ́yìn ẹnì kan. Olówó náà wà, tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Èmi ò bá ẹni tó fi orin kan ki olówó jà, àwọn bàbá wa jẹ níbẹ̀, orin náà sì dùn. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ orin kan, kó sì wà lẹ́yìn. Olówó tó sanwó lónìí lè wọ òṣèlú lọ́la, ìdajì ìlú á sì fi tirẹ̀ kórìíra gbogbo àwo.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì mú owó wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí ni ti ẹni tó ṣe ìlù kọ̀ǹpútà, kí ni ti ẹni tó bá yín kọ ọ̀rọ̀ orin. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀gbọ́n mi ni" tàbí "ọ̀rẹ́ mi ni" kò sí nínú ẹ̀. Ó nídìí tí Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró fi para pọ̀ dá Star Records sílẹ̀ lọ́dún 1969, kó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ó nídìí tí King Sunny Adé fi dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1974, lẹ́yìn tí òun àti àwọn tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ti jà dé kóòtù. Ní Enugu, William Onyeabor gbé gbogbo àwo rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ láti ọdún 1977. Ṣẹ́gun Akínlolú náà, ẹni tí a mọ̀ sí Beautiful Nubia, tó kàwé gboyè nínú ìṣègùn ẹranko, gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Seven Lifes, jáde lọ́dún 1997, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ló sì ń bá iṣẹ́ lọ títí dòní.

Ní ti títà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa bá yín gbé orin dé Boomplay, Audiomack, Spotify àti àwọn yòókù, owó wọn ò pọ̀. Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ má kàn gbọ́kàn lé e. Láti ọdún 2024, orin tí wọn ò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá, Spotify kò san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Òde ìnáwó ló ń bọ́ olórin. Àwo àkọ́kọ́ tí Haruna Ìṣọ̀lá ṣe lọ́dún 1948, èyí tó fi yin Orímolúṣì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Òde àríyá tó ń lọ káàkiri ló jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n kí àwo rẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Bí tiyín bá ti jáde, ẹ gbé e wá fún wa. Ẹ má fi owó sínú àpòòwé, ẹ̀yin tí mò ń bá wí mọ ara yín. Ohun tí mo fẹ́ ni ẹ̀dà tó mọ́ ní WAV, kì í ṣe èyí tó ti gba orí Wasáàpù mẹ́ta kọjá. Ẹ sàmì sí orin kan, ìkan ṣoṣo, tí ẹ fẹ́ ká kọ́kọ́ lù, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, torí ìròyìn ń dúró dè wá nígbà gbogbo. Ẹ kọ orúkọ yín pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀ kí n má baà ṣì í pè lórí afẹ́fẹ́, ẹ kọ orúkọ àwọn onílù yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù tó ń lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó wà lẹ́nu géètì wa, èmi fúnra mi á gbọ́ ọ.